Ẹyin Ò Níyọ̀ Níbi Àpèjẹ Àbúrò Rẹ

Àkọ́bí mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú ńlá, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta tó ti di oṣù méjì. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní já ọ kulẹ̀, ẹsẹ̀ tó o fi jáde nílé ò ní ṣìnà nígbà tó bá ń bọ̀ wálé, àmín. Bó o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, àlàáfíà la wà, àyàfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, àti òrùlé ilé ìdáná tí ìjì ká lọ, tí bíríkìlà wá fi wó ògiri rẹ̀ tán, ó ní òun máa tún un mọ lọ́la, ọ̀la náà ò sì tíì dé.

Lẹ́tà mi kẹrin rèé, o ò tíì fèsì ọ̀kan. Mi ò bínú o. Àbúrò rẹ ló ń bá mi fi wọ́n ránṣẹ́, ó ní ọwọ́ àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ ló dí.

Kí n tó gbàgbé, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ níbi tẹ́ ẹ ti ń gbé oúnjẹ lọ síbi àpèjẹ àwọn olówó. Oṣù méjì sẹ́yìn, ọkùnrin méjì gbé mọ́tò wá láti ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n gbé báàgì rẹ ńlá wálé, wọ́n sì ní kí n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan. Fọ́ọ̀mù náà gùn ju pákó ẹsẹ̀ méjìlá lọ. Wọ́n béèrè orúkọ mi, wọ́n béèrè ohun tí mo jẹ́ sí ọ, mo kọ bàbá. Wọ́n tún béèrè ẹni tó máa gba owó iṣẹ́ rẹ tó kù nílẹ̀, mo kọ orúkọ ìwọ fúnra rẹ, nítorí ta ló tún máa gbowó oníṣẹ́ bí kò ṣe oníṣẹ́? Ọkùnrin tó ni bíírò wo ibi tí mo kọ, ó wò ó títí, ó ṣí fìlà, ó ní kò burú bàbá. Mo sọ lọ́kàn mi pé ẹ̀ka mìíràn ni wọ́n ń gbé ọ lọ, pé ẹrù tó pọ̀ jù ni wọ́n dá padà. Iléeṣẹ́ wo ló tún ń ṣe irú ẹ̀ láyé ìsinsìnyí? Wọ́n bá àbúrò rẹ sọ̀rọ̀ nínú yàrá, nígbà tó jáde ojú rẹ̀ pọ́n kankan, ó ní eruku pákó ló wọ̀ ọ́ lójú. Ọmọ tí wọ́n bí sínú eruku pákó!

Láti ìgbà náà ni gbogbo àdúgbò ti ń ṣe mí jẹ́jẹ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì kì í gbowó lọ́wọ́ mi mọ́. Onígbàjámọ̀ tá a jọ ń ṣe fàájì, tó máa ń bú mi pé irun mi ti tán lórí, tí mo ṣì ń jókòó sórí àga rẹ̀, ń pè mí ní bàbá dáadáa báyìí. Tí mo bá dé ibi tí wọ́n kóra jọ sí, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn. Mo mọ̀ pé nítorí ìgbéyàwó àbúrò rẹ tó ń bọ̀ ni. Bàbá ìyàwó níyì.

Ọ̀rọ̀ fóònù rẹ ló ń kọ mí lóminú díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí báàgì dé, mo pè ọ́, mo sì gbọ́ tó ń dún nínú yàrá àbúrò rẹ, láti inú àpótí, orin tó o máa ń lò gan-an. Mo ní ayé ti dé ibi tó dé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára débi pé èèyàn á máa pe ará ìlú ńlá, á máa gbọ́ agogo rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin kan ló ń gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní ẹni tí mò ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Mo kí i, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Bó bá jẹ́ ọmọọ̀dọ̀ lo gbà, bá a wí, kò mọ èèyàn kí.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wá dé láti orí nọ́ńbà rẹ pé, Bàbá mi, iṣẹ́ pọ̀, bóyá ni mo máa lè wá síbi ìgbéyàwó. Ìyẹn dùn mí wọ egungun. Ó tún yà mí lẹ́nu, nítorí láti ọmọdún mẹ́ta lo ti ń pè mí ní Ọ̀gá Onípákó, o ò pè mí ní bàbá rí àfi tó o bá ṣẹ̀ mí. Mo ronú ohun tó o fi ṣẹ̀ mí, mi ò rí i.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn ọ̀rẹ́ àbúrò rẹ wá ṣe àpèjẹ tí àwọn obìnrin ń ṣe fún ìyàwó kó tó relé ọkọ, èyí tí wọ́n fún ní orúkọ òyìnbó tí ahọ́n mi ò gbé. Ilé ìdáná ò sí. Àbúrò rẹ ní òun máa fagi lé e, ó jókòó sórí òkìtì pákó, ó ń sunkún kọjá bó ṣe yẹ kéèyàn sunkún nítorí ààrò. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ sí ọ pé kí la ṣe, ìwọ tó o mọ iṣẹ́ oúnjẹ. Mi ò tíì gbé fóònù kalẹ̀ tán tí èsì fi wọlé. Ọ̀gá Onípákó, lo pè mí. Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín sókè nínú ṣọ́ọ̀bù lémi nìkan.

O ní kí n fọkàn balẹ̀, bí a ò bá rí àdàn, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. O ní inú ṣọ́ọ̀bù mi ni ká ti ṣe é, ká má dáná rárá, ohun tí kò wá iná la máa fi ṣàlejò. Kí Ìyá Oníbúrẹ́dì gé búrẹ́dì rẹ̀ wẹ́wẹ́, kó fi ẹja inú agolo sáàárín, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ohun tí ẹnu lè gbà lẹ́ẹ̀kan lọ. Kó se ẹyin nílé tirẹ̀, kó bó o, kó gbé e wá ní tútù. Kí omi tíì wà nínú fúláàsì mẹ́rin tá a bá yá. Kí n tẹ́ ọ̀rá sínú bárò tí mo fi ń ti pákó, kí n da yìnyín sí i, kí n ri ìgò ohun mímu bọ inú ẹ̀. Kí tábìlì iṣẹ́ mi di tábìlì oúnjẹ, kí n fà á kúrò lára ògiri kí wọ́n lè máa bù ú lọ́tùn-ún lósì, kí ọ̀nà má baà dí. Àwo ni kó ṣáájú, ìnuwọ́ ni kó kẹ́yìn. Ohunkóhun tó lọ́bẹ̀ lára ò gbọdọ̀ wọlé, nítorí àga ò ní tó, ẹni tó wà lórí ìdúró ò sì lè jẹ ọbẹ̀. O ní kí n gbálẹ̀ lálẹ́ tó ṣáájú, kí n wọ́n omi sí i kí eruku pákó lè sùn. O tún ní kí n yọ ìṣó tó yọrí lábẹ́ tábìlì lápá òsì, kó má baà ya aṣọ àlejò.

Ìṣó yẹn, mi ò mọ̀ pé ó wà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ wá a, òun nìyẹn. Fóònù ayé ìsinsìnyí lójú ju èèyàn lọ.

Lópin rẹ̀, o ní ogún obìnrin ló máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú àbúrò rẹ, kí n bu àwo mọ́kànlélógún, kí n gbé ìkẹyìn sórí àpótí ìjókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, nítorí o ò ní lè wọlé dé àárín. Ayọ̀ mi ò ṣeé fẹnu sọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo fẹ́ kó ya àbúrò rẹ lẹ́nu.

Ọmọ mi, àpèjẹ náà dùn! Ogún géérégé ni wọ́n. Mo wọ aṣọ funfun tí mo fi ń lọ sípàdé, mo dúró ti bárò, mò ń gbé ìgò fún wọn bí ẹni tí wọ́n bí sídìí ẹ̀. Wọ́n kó ẹ̀bùn wá, ìkòkò, ìrọ̀rí, ife. Ọ̀kan nínú wọn mú aṣọ ìsùn kan wá tó fẹ́lẹ́ bí àwọ̀n ẹja, mo ní a dúpẹ́ o, èyí á dára láti fi bo oúnjẹ kí eṣinṣin má baà bà lé e, ni gbogbo wọn bá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Àbúrò rẹ pàápàá rẹ́rìn-ín, ó tó oṣù méjì tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Wọ́n jókòó tì í láàárín, ọ̀rẹ́ kan di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, òmíràn di tòsì, wọ́n ń kun èékánná rẹ̀, wọ́n gbé àwo kéèkì lé e lẹ́sẹ̀. Ìgbà náà ni afẹ́fẹ́ kan wọlé láti ẹ̀yìn, ó tutù bí ẹni pé yìnyín inú bárò ló mí. Fóònù mi dún. Ọ̀gá Onípákó, lo tún wí, ẹyin ò níyọ̀.

Mo tọ́ ọ wò, òótọ́ ni, Ìyá Oníbúrẹ́dì ti gbàgbé iyọ̀. Mo sáré lọ sẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àwo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Pupa ẹyin ló ṣẹ́kù, funfun lo jẹ, èèpo ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì sì tò yí etí àwo ká, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan bí ọgbà, bó o ṣe máa ń tò ó láti kékeré tí ìyá rẹ fi ń bá ọ jà. Mo wo ilẹ̀ tí mo wọ́n omi sí. Ẹsẹ̀ gbogbo àlejò hàn lórí rẹ̀ láti iwájú wá. Níbi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ tèmi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní ìlú ńlá ti kọ́ ọ ní ìrìn jẹ́jẹ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ẹnì kankan lẹ́yìnkùlé, àfi pákó.

Ó dùn mí pé o jẹun tán o ò kí mi.

Mo wá mú fóònù lọ bá àbúrò rẹ, mo ní wo ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ kọ. Ó kà á. Àwo kéèkì ṣubú lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹkún ayọ̀ ìyàwó ni, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹ̀rín sẹ́nu títí wọ́n fi lọ tán, ṣùgbọ́n ọ̀dà tí wọ́n kùn sí èékánná rẹ̀ ti ra mọ́ aṣọ rẹ̀ káàkiri.

Nígbà tó ku àwa méjì, ó mú mi wọ yàrá, ó ṣí àpótí. Báàgì rẹ ló wà níbẹ̀, bàtà rẹ, aṣọ iṣẹ́ rẹ tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n ká. Fóònù rẹ wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú. Lẹ́tà mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lábẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ṣí wọn. Ó ní àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ nìkan lòun kọ, èyí tó pè mí ní bàbá, ó ní fóònù náà ò ní ṣáájì nínú mọ́ láti ọjọ́ náà, ó fi ìyá rẹ búra. Mo ní ta ló máa kọ ìyókù bí kò ṣe ẹni tó ni fóònù? Ó wólẹ̀, ó di mí lẹ́sẹ̀ mú, ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tí mọ́tò yẹn wá…

Mo ní kó má parí rẹ̀. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ ọ lórí ìyá rẹ, mo sì gbọ́ ọ dópin. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè gbé ọwọ́ mi kúrò lórí àpótí. Àwọn ọmọ lè fi nǹkan pamọ́ fún àgbà, àgbà náà mọ nǹkan í fi pamọ́. Mo sọ fún un pé kó lọ fọ àwo.

Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ti fi igi tó dára kan àga kan fún ọ, mo gbẹ́ orúkọ rẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí o kò bá lè wọlé dé àárín, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni màá gbé e sí, màá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ láti àárọ̀. Mo ti ra iyọ̀.

Bó o bá rí nǹkan fi ránṣẹ́, páànù mẹ́fà la nílò fún ilé ìdáná, àti owó bíríkìlà díẹ̀, má wulẹ̀ dààmú dé bánkì, inú àpótí náà ni kó o fi sí, màá máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá sí, má banú jẹ́, ìwọ ni mo fẹ́ rí, kì í ṣe páànù.

Ọlọ́run á tọ́jú ọ níbikíbi tó o bá wà, òtútù ò ní mú ọ, ebi ò ní pa ọ́ lójú ọ̀nà. Àdúrà tí mo máa ń fi parí lẹ́tà, pé ìwọ ni wàá sin mí, mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́.

Mi ò ní gbé èyí lọ sílé ìfìwéránṣẹ́. Inú àpótí ni màá tì í bọ̀, níbi tí àwọn yòókù ti dé ọwọ́ rẹ. Mi ò lẹ ẹnu rẹ̀, kó má baà nira fún ọ láti ṣí.

Èmi ni,
Ọ̀gá Onípákó rẹ.