Àdín Tó Dì Nínú Fìlípà Ikpinlè

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ọmọ yín tó wà lẹ́yìn odi ló kúnlẹ̀ kí yín láti Adja-Ouèrè, ní òdìkejì ẹnubodè. Mo kí Ìyá Àgbà nínú yàrá, mo kí àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi Bùràímọ̀, mo kí ẹ̀yin náà, torí ìbínú kò ní kí a má kí ẹ̀gbọ́n ẹni. Mo ti ní kí wọ́n ka lẹ́tà yìí sókè ní àárín agbo ilé. Ohùn tí Ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, gbogbo ilé ló gbọ́ ọ kó tó kàn mí. Kí gbogbo ilé gbọ́ èsì rẹ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n ní mo ti ba orúkọ Bàbá wa tó ti kú jẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀, pé kí n dá àpótí irinṣẹ́ wọn padà sí Ìsẹ́yìn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Wọ́n ní obìnrin kì í jogún iṣẹ́ wíwé wáyà. Wọ́n ní Màámi ló ní kí àwọn sọ bẹ́ẹ̀.

Màámi, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí.

Bàbá Ògúndélé ní ilé ọtí kékeré kan ní Ikpinlè tó wà nítòsí wa, irú èyí tí wọ́n ń pè ní bùfẹ́tì níbí. Wọ́n ní fìlípà kan níbẹ̀, ẹ̀rọ ìṣeré tí wọ́n gbé wá láti Àjàṣẹ́, olú ìlú ibí, nígbà èwe wọn. Àpótí ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, gíláàsì bò ó lójú. Bọ́ọ̀lù irin kékeré ni èèyàn ń gbá nínú rẹ̀; á kọlu òpó, aago á dún, nọ́ńbà á yí. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀, wáyà àti sípíríǹgì àti kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí a wé jọ kí iná lè máa fi fa irin, ni gbogbo rẹ̀. Kì í sanwó fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má pè é ní tẹ́tẹ́ fún mi. Ikán ti jẹ ìdí rẹ̀, adìẹ sì ti yé sínú rẹ̀. Mẹ́kánííkì méjì ti wò ó, wọ́n ní kí bàbá fi dáná. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi wà lórí rẹ̀. Káfíńtà pààrọ̀ pákó ìdí rẹ̀, èmi kun ìyókù. Obìnrin tó gun ẹṣin ni wọ́n yà sí ojú rẹ̀, ọ̀dà náà sì ti ṣá. Bàbá Ògúndélé ní pupa ni aṣọ obìnrin náà, ìyàwó wọn ní irọ́ ni, àwọ̀ ewé ni. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n jà níwájú mi. Mo tú irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kàn mọ́ orí aṣọ náà, mo wo abẹ́ rẹ̀ níbi tí oòrùn kò dé rí. Pupa ni. Bàbá wa ló kọ́ mi pé kí n tó bi ẹni tó lẹrù léèrè, kí n kọ́kọ́ bi ẹrù fúnra rẹ̀. Ìyàwó Bàbá Ògúndélé kò kí mi fún ọjọ́ mẹ́ta.

Àṣìṣe mi wá rèé, n kò ní fi pa mọ́. Níbí, àdín ni wọ́n fi ń ra ara ọmọ, àdín ni fún ilẹ̀kùn tó ń dún, àdín ni fún ṣéènì kẹ̀kẹ́. Ó ti mọ́ èmi náà lára. Mo fi àdín pa àwọn ọ̀pá irin tó ń wọ inú kọ́ìlì, wọ́n sì ń lọ geere. Ọjọ́ ọjà ni Bàbá Ògúndélé pe èèyàn wá wò ó, ọyẹ́ sì mú láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé gbogbo ètè ló là. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àdín dì. Apá tó ń gbá bọ́ọ̀lù gbéra lẹ́ẹ̀kan, kò sọ̀ mọ́, kọ́ìlì sì gbóná títí ó fi rú èéfín. Ọmọdé mọ̀ pé àdín ń dì nínú ọyẹ́; èmi tí mo ń pe ara mi lọ́gàá ni n kò rántí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí gan-an. Oníṣòwò aṣọ kan láti Ìsẹ́yìn wà láàárín èrò. Èéfín ló gbé wá sílé fún yín, kò dúró wo ìyókù.

Mo tú u palẹ̀, mo fi bẹntiróòlù fọ àdín kúrò, mo nù ún gbẹ, torí ibẹ̀ kò fẹ́ òróró kankan rárá. Mo gbé ẹ̀rọ ìwéwáyà Bàbá wa jáde nínú àpótí yẹn, mo fi ọwọ́ yí i, mo wé kọ́ìlì tuntun. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ọyẹ́ ṣì wà, aago dún. Àwọn mẹ́kánííkì méjì yẹn wá, wọ́n ní kí n fi inú rẹ̀ han àwọn. Mo fi hàn wọ́n.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn níbí. Èdè Ọ̀họ̀rí tí wọ́n ń sọ níbí jọ tiwa, kò sì jọ tiwa. Nígbà mìíràn n óò sọ̀rọ̀, wọn óò rẹ́rìn-ín, n kò ní mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ Jímọ̀, bí mo bá kírun tán, àárò yín máa ń sọ mí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fi ń jẹun.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó ti Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin kì í wọ ibẹ̀ àfi bí fóònù yín bá kú. Bí ẹ bá fẹ́ àpótí náà, ẹ wọ ọkọ̀, gbogbo ọlọ́kadà Adja-Ouèrè ló mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ mi. N óò to irinṣẹ́ náà sílẹ̀ lójú gbogbo ayé, kí ẹ dárúkọ mẹ́ta nínú wọn, kí ẹ sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní wá.

Màámi, lójú yín ni Bàbá ti gbé àpótí náà lé mi lọ́wọ́ lórí ibùsùn àìsàn. N kò gbà pé ẹnu yín ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi ohùn ara yín sọ ọ́ fún mi. N óò wá sí Ìsẹ́yìn, n óò kúnlẹ̀ níwájú yín títí ẹ óò fi ní kí n dìde. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òfìfo ni n óò mú wá.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ óò jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìdíkátù Àṣàkẹ́, a-wé-wáyà bíi bàbá rẹ̀.