Ẹlẹ́rìndòdò Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Mo ti délé láti ilé ìwòsàn. Mò ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Torí ìsanra mi, dókítà gé èyí tó pọ̀ jù nínú àpò oúnjẹ mi kúrò. Ó ní èyí tó kù ò ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré kan lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀! Èmi tí mo máa ń jẹun tán kí ìyàwó mi tó ráyè jókòó. Mo gbọ́wọ́ lé ikùn, ó ń ṣe mí bíi pé àlejò kan ń sùn níbẹ̀. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Ọmọ Tuntun.

Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta

Ebi ò pa mí. Ṣé báyìí làwọn ẹlòmíì ṣe ń gbé ayé láti ọjọ́ yìí?

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kẹta

Mo lọ rí nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó oúnjẹ wa. Ọ̀gá Ṣíbí ni mò ń pè é nínú ọkàn mi, torí ṣíbí kékeré ló fi ń díwọ̀n gbogbo nǹkan. Ó ní kí n máa rọra fa omi mu, kí n má gbé e mì gbùú. Ó ní kí n má fẹnu kan ẹlẹ́rìndòdò rárá. Mo ní, èyí tí kò ní ṣúgà ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Onígbàjámọ̀, ọ̀rọ̀ ṣúgà nìkan kọ́. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ni. Tó bá wọlé, á fẹ́ nasẹ̀, ilé yín sì ti kéré."

Mo mi orí. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń rò.

Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo. Ó sanra jù mí lọ. Látìgbà tí ìyá wa ti kú, gbogbo ọ̀sán Àìkú ló máa ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò ní sí oníbàárà. A ó jókòó sórí àwọn àga tí mo ti ń fá orí, a ó kọjú sí dígí, a ó máa mu ẹlẹ́rìndòdò. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀. Àwa méjèèjì nínú dígí, bíi màlúù méjì létí odò. Ohun tó kù nínú ilé ìyá wa nìyẹn.

Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 oṣù Kẹta

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo dúró fá orí láti àárọ̀ títí dé ọ̀sán, orúnkún mi ò sì ké. Tẹ́lẹ̀, orí kan, ìjókòó kan ni. Oníbàárà kan wò mí látòkè délẹ̀: "Ọ̀gá, ta ló jí ìdajì yín gbé?" Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ojú ọgbẹ́ mú.

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Kẹrin — lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn

Ti àná ni mò ń kọ.

Ẹ̀gbọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò tíì fojú kàn mí látìgbà iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rù ọgbẹ́ àti ilé ìwòsàn ń bà á, kódà kì í gba àdúgbò ibẹ̀ kọjá. Ó fa agolo méjì yọ nínú báàgì. "Kò ní ṣúgà rárá. Mo rìn títí kí n tó rí i rà. Tìẹ rèé. Èmi náà, irú ẹ̀ ni mo fẹ́ máa mu báyìí."

Ẹni tí ṣúgà inú tíì ẹ̀ máa ń pọ̀ ju tíì lọ! Ṣé kí n wá ní mi ò mu?

Mo mu ún. Ó ta ahọ́n mi kẹ́sẹ́kẹ́sẹ́ bíi ti àtijọ́. Mo tún fà á. Mi ò tíì gbé agolo sílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi dìde — bíi pé ẹnì kan ń fẹ́ bàlúùnù sábẹ́ igbá àyà mi. Mo fẹ́ gùnfẹ̀, kò jáde. Òógùn bò mí. Ojú mi nínú dígí ti funfun bí eérú. Ẹ̀gbọ́n figbe ta: "Mo ti pa á o! Mo ti pa ọmọ ìyá mi!"

Ó sì gbé mi. Ó gbé mi lọ́wọ́ méjèèjì bí ọmọ ọwọ́, ó gbé mi sínú ọkọ̀ ẹ̀, ó wà mí wá síbí tí kì í fẹ́ rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Kẹrin

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ eléyìí.

Wọ́n fún mi ní nǹkan funfun kan mu, ó nípọn bí ẹ̀kọ. Wọ́n dá mi dúró síwájú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Dókítà yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n wò ó.

Mo rí i. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó dé ọ̀dọ̀ Ọmọ Tuntun, ó dúró. Ọmọ Tuntun sún kì, ó tú, ó tì í síwájú. Jẹ́jẹ́. Ó tún sún kì. Mi ò rán an níṣẹ́ kankan! Dókítà ń sọ pé ojú rírán dì pinpin, kò sí ibi tó ń jò, afẹ́fẹ́ lásán ló dà mí láàmú. Ẹkún ni mò ń sun. Gbogbo ọdún tí mo fi ń da nǹkan síbẹ̀ bíi ti ààtàn, iṣẹ́ ló ń ṣe nínú mi. Kò sọ pé ó rẹ òun rí.

Mo bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́yìn dígí, ó ń wo àwòrán náà. Ó ti ṣí fìlà.

Ó bẹ Ọ̀gá Ṣíbí pé òun lòun fún mi ní ẹlẹ́rìndòdò. Nọ́ọ̀sì náà ò bá a wí. Ó ní, "Ẹ fẹ́ kí ẹ jọ máa mu nǹkan ni. Omi náà ṣeé jọ mu."

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù Kẹrin

Ẹ̀gbọ́n ò wá. Ìyàwó mi ní ojoojúmọ́ ló ń pe òun lórí fóònù: "Ìyàwó wa, ṣé ó ń mí?"

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù Kẹrin

Kò wá. Àga kejì ṣófo.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù Kẹrin

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni mo rí i lẹ́nu ọ̀nà. Kò kí mi dáadáa. Ó jókòó. "Fá a mọ́lẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀. Dígí ló bá sọ̀rọ̀. "Èyí tó wà nínú ikùn tèmi náà, ṣé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Pẹ̀lú gbogbo ìyà tí mo fi ń jẹ ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó ní, "Mo ti lọ bá dókítà yẹn. Èmi nìkan ni mo lọ. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò iṣẹ́ abẹ tèmi náà ní Ọjọ́bọ̀. Mo fẹ́ kí orí mi mọ́."

Ọwọ́ mi dúró. Kílípà ń kùn lásán lókè. Ẹ̀gbọ́n! Òun nìkan, lójú títì yẹn, nínú ọgbà ilé ìwòsàn yẹn!

Mo pa kílípà, mo gbọ́wọ́ lé orí ẹ̀. Orí tí mo ti ń fá láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, mi ò fọwọ́ kàn án bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbóná.

Ó ní, "Parí ẹ̀."

Mo parí ẹ̀.