Ilé Tí Bàbá Mi Bá Wọn Kọ́ Lẹ́yìn Ogun

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo orúkọ mi láṣìírí.

Bíríkìlà ni bàbá mi. Nígbà tí ogun parí tí ìdajì ìlú di àlàpà, wọ́n wà lára àwọn tó kọ́ ilé alájà mẹ́rin tí ìjọba fi kó àwọn aláìnílé sí. Bàbá náà gba yàrá méjì níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Ní báyìí, ògiri ti sán, ìjọba fẹ́ wó o. Gbogbo aládùúgbò ti kó lọ. Bàbá ní, "Kí wọ́n wó èmi náà mọ́ ọn!"

Olóòtú, mo ti fọwọ́ síwèé lórúkọ wọn pé a gbà láti kó jáde, láìsọ fún wọn. Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ ń bọ̀ wá kó wa. Bí mo bá jókòó, àfi bí ẹni jókòó lórí ẹ̀gún.

Lánàá, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ibi tó sán. Wọ́n ní, "Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Ilé yìí ṣì máa gba àwọn ọmọ rẹ."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ká ní bàbá yín ni, báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́?