Báńdéèjì Adìyẹ Tí O Fi Tọrẹ

Àbúrò mi,

Ajá kan já wọlé láàárọ̀ yìí, ó fa apá àgbébọ̀ Màmá ya. Mo sáré ṣí àpótí ìtọ́jú tí èmi àtìwọ jọ ṣètò fún àwọn adìyẹ, àlùmọ́gàjí nìkan ló kù níbẹ̀. Gèlè mi ni mo fà ya di ọgbẹ́ náà.

Ọ̀rẹ́ rẹ agbábọ́ọ̀lù ló bá mi lé ajá náà jáde, báńdéèjì wa lórúnkún rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun o. Àbúrò yín ní ẹ̀yin lẹ ní kó fún mi ní báńdéèjì yìí.”

Ajá òde ni mo ń ṣọ́, àṣé ikú ilé ló ń pani!

Adìyẹ náà wà nínú páálí ní kíṣínì. Fún un lómi, má jẹ́ kí àwọn yòókù ṣá a lójú ọgbẹ́. Màmá á bèèrè ibi tí báńdéèjì wọlé sí. Mo ti ń bò ẹ́ tipẹ́. Lónìí, fẹnu ara rẹ sọ ọ́.