Bàbá Mọ́nsúrù Ìyàndá Alárápé (1901–1965), Ẹni Tó Fa Àgbò Iléyá Lọ sí Yàrá Àyẹ̀wò

Ìlú Ìwó ni a ti bí Bàbá wa, Mọ́nsúrù Ìyàndá, ní ọdún 1901. Alárápé ahunṣọ ni bàbá wọn, Ṣàkírátù aláró ni ìyá wọn. Wọ́n ka Kùránì kí wọ́n tó wọ ilé-ìwé ìjọba.

Ní 1924, wọ́n bá àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè dé Enúgù, wọ́n sì fi àdúgbò Obiagu ṣe ilé. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti rí iṣẹ́. Ní 1931, lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ àyẹ̀wò tán ní Èkó, wọ́n so yìgì pẹ̀lú Ìyá wa Sàbúrátù.

Àrùn tó ń wọ ilé ọmọ àwọn obìnrin ló ká Bàbá lára jù. Wọ́n á gbin kòkòrò àrùn náà sínú àwo oúnjẹ kòkòrò tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àgbò pò, wọ́n á sì to bébà kéékèèké tí a rẹ sínú oríṣiríṣi oògùn lé e lórí. Bébà tí kòkòrò kò bá lè hù yí ká, oògùn rẹ̀ ni yóò ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn ń sin àgbò kan nítorí ẹ̀jẹ̀ yìí. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fà á, wọn kì í pa àgbò náà.

Nígbà tí Iléyá 1955 ku ọ̀la, àgbò yìí kú. Oyèbísí, ìyàwó Kọ́lá Olúdáìsí akọ̀wé rélùwéè, sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀, ibà kò lọ, abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì kò ràn án. Dókítà ń bẹ̀rù pé kò ní lè bímọ mọ́, bí ó tilẹ̀ rù ú là. Ni Bàbá bá sáré wálé, wọ́n tú àgbò Iléyá tiwọn, wọ́n fà á gba ọjà Ogbete kọjá. Ìyá wa ń tẹ̀lé wọn, wọ́n ń pariwo: “Bàbá Sikirat, kí ni kí n fi se ráìsì ọ̀la? Ṣé àwo yín ni?”

Àgbò wa di ti ilé ìwòsàn, nítorí náà pánlá ni a fi jẹ ráìsì Iléyá. Itan àgbò tí Lèmọ́mù Sírájúdéènì fi ránṣẹ́ dé nígbà tí oúnjẹ ti tán! Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, àwo fi hàn pé tẹtirasáíkílììnì ni oògùn tó bá kòkòrò náà mu. Dókítà fún Oyèbísí lò, ibà sì lọ. Inú Bàbá dùn, wọ́n ń kọrin wálé. Ní 1957, ọdún tí Bàbá fẹ̀yìn tì, Oyèbísí bí Ọmọ́níyì.

Bàbá ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Ìwó, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọdé ní Kùránì. Wọ́n jẹ́ ìpè Ẹlẹ́dàá ní oṣù Ọ̀pẹ 1965.

Bí a ti ń kọ orúkọ àwọn tí Bàbá fi sílẹ̀, Oyèbísí wọlé, ó bẹ̀ wá kí a má gbàgbé Ọmọ́níyì. A ń wojú ara wa, nítorí onígbàgbọ́ ni wọ́n, a kò sì bá wọn tan. Ìyá wa ní kí a kọ ọ́ síbẹ̀, sáàárín àwọn ọmọ gan-an.

Nítorí náà, Bàbá fi Ìyá wa Sàbúrátù sáyé, àti ọmọ-ọmọ méje, àti àwọn ọmọ: Sikirat, Kàmọ́rù, Ọmọ́níyì.

Bàbá wa, ẹ sùn re o. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà ṣe ilé yín, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ bá wa ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ yìí délé láyọ̀.