Ìwé Ojú-ewé Mẹ́ta Tí Ọ̀gá Yín Ń Kà Sókè

Àbúrò mi, ó pé ọdún mẹ́rin lónìí tí o ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin! Ọmọ rẹ ti ga tó èjìká mi. A ti parí yàrá òkè tí o bẹ̀rẹ̀, fèrèsé gbọọrọ tí o fẹ́ gan-an la fi sí i. Màmá kò tí ì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àga rẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ ni mo bá wá, nítorí òun ni mo ṣèlérí fún ọ.

Nígbàkígbà tí ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ ń kọ fún àwọn ilé ìwòsàn bá dẹnu kọlẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀gá yín máa ń bi yín: ọwọ́ ta ló kàn án gbẹ̀yìn? Ẹni náà ló jẹ̀bi, ìpàdé parí. Nígbà tó kan ọwọ́ tìrẹ, o kọ ojú-ewé mẹ́ta láti fi hàn pé ọ̀gá yín fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹ fo àyẹ̀wò ètò náà kí iṣẹ́ lè yá, àti pé bí wọ́n bá lé èèyàn láìtún ọ̀nà ṣe, ẹlòmíràn yóò ṣubú síbẹ̀. Ó buwọ́ lù ú pé ó tẹ òun lọ́wọ́, ó sì tì í bọ inú dúrọ́ọ̀. Wọ́n lé ọ. Àìsàn dé, ẹ̀bi náà sì bá ọ wọlẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, òtítọ́ á bá a lọ́jọ́ kan. Ti ọ̀gá yín kò pé mẹ́rin. Ètò náà tún bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, níbi kan náà. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ pe ìpàdé, wọ́n sì pe èmi náà, nítorí lẹ́tà tí mo ń kọ sí wọn kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ọ̀gá yín ní òun kò rí irú ìwé tí o kọ rí. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń dán ètò wò gbé ẹ̀dà ìwé náà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀: “Ọ̀gá, ìbuwọ́lù ta wá nìyí?”

Wọ́n fẹ́ lé e. Mo kọ̀. Bí wọ́n bá lé e, àṣà tó ba orúkọ rẹ jẹ́ ni wọ́n tún tẹ̀ lé. Mo ní kó dúró, kó máa ka ìwé rẹ sókè fún gbogbo òṣìṣẹ́ tuntun, orúkọ rẹ lókè, ìbuwọ́lù rẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n gbà; ó ti kà á nígbà mọ́kànlá. Mo jókòó síwájú nígbà àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló mu omi kó tó parí.

Àyẹ̀wò ti padà. Ètò náà kò bàjẹ́ mọ́. Àwọn èèyàn ní ó tó àkókò kí n dárí jì í. Mi ò tí ì dárí jì í, mi ò sì parọ́ fún ọ rí.

Àárò rẹ ń sọ wá, ìfẹ́ rẹ kò dín. Sùn re, àbúrò mi. A kò gbàgbé rẹ. A kò ní í jẹ́ kí ọ̀gá yín náà gbàgbé.