Igi Wùnmí Kò Tíì Kú

Èmi, Olúsọjí Oyèbọ́lá, ni mo kọ ìwé yìí ní ilé wa ní Bódìjà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, ọdún 1988.

Ìyá Wùnmí, bí o bá ti Baṣọ̀run dé, má ṣe da igi inú àwo nù. Olùkọ́ yunifásítì kan wo ewé rẹ̀ tí etí rẹ̀ rí bí eyín ayùn àti èèpo rẹ̀ tí ó ń bó. Ó ní igi ilẹ̀ Ṣáínà ni. Wọn a máa gé gbòǹgbò rẹ̀, wọn a sì máa fi wáyà tọ́ ẹ̀ka rẹ̀, kí ó lè dàgbà láì ga.

Mo ti hú u kúrò nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo sì dá a padà sínú àwo. Gbé e sí ibòji. Bomi rin ín bí iyẹ̀pẹ̀ bá ń gbẹ. Ọ̀la ni Wùnmí ọmọ wa yóò dé, yóò sì béèrè igi tí ó fi sí ìtọ́jú wa.

Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Rónkẹ́ àbúrò rẹ, tí mo fẹ̀sùn kàn lánàá pé òun ni ó gbé igi náà kúrò nínú àwo. Ó ti rẹ̀ mí. Níbi àdúrà òwúrọ̀ ni ìyá mi ti dìde jẹ́rìí níwájú gbogbo ilé: "Ẹ bá mi yin Olúwa! Èmi ni mo já wáyà tí ayé fi de igi ọmọ ọmọ mi, tí mo sì gbìn ín sílẹ̀ kó lè ga. Olúsọjí, o ò ṣe Àmín ni?"